Màmá Tó Kọ̀ Tí Kò Pe Orúkọ

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
Sùúrùlérè, Èkó.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ kà á. Ó kà á fún àwọn ayálégbé, ó kà á fún ìyá onígaàrí tó wà lójúde, kó tó wá rántí pé èmi ni o kọ ọ́ sí. Inú wa dùn púpọ̀ pé o ti ríṣẹ́ ní Ìbàdàn, pé o ní tábìlì tìrẹ lọ́tọ̀, àti pé fáànù wà lókè orí rẹ. Nígbà tí mo kà á débi tí o ti ní iṣẹ́ rẹ ni láti máa bá àwọn èèyàn wá ìwé pẹ́ńṣàn àwọn bàbá wọn tó ṣe sójà láyé àtijọ́, kí wọ́n lè mọ ìtàn ìdílé wọn, mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń rán tìmùtìmù fi gún mi ní àtàǹpàkò. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, ìyẹn ló bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Bùráímọ̀!

Àmọ́ nígbà tí mo dé ìparí lẹ́tà, ẹ̀rín náà pòórá. O ní màmá arúgbó kan wá bá ọ, wọ́n ń wá ìwé ọkọ wọn tó jagun Bọ́mà. O ní kí wọ́n pe orúkọ ọkọ wọn, wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ pè é. O tún béèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìborùn bojú. Ìwọ wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé, tí wọ́n bá ti rántí orúkọ ọkọ wọn kí wọ́n padà wá. O ní gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín.

Mojí, mi ò bá yín rín in. Ẹ̀rù ló bà mí. Màmá yẹn ò gbàgbé nǹkan kan, ìwọ lo ò mọ ohun tó yẹ kí o bi wọ́n. Bí ẹsẹ̀ wọn ò bá wá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́ ńkọ́? Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe pa iṣẹ́ tì. Àga Alhájì kan wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí, mo ti bọ́ ọ síhòòhò, ọ̀la ni oníṣẹ́ sì ń bọ̀. Kó dúró ná. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe wá ìwé Bàbá tó bí mi fún ọ, nítorí ọmọ ilé ìwé ni ọ́ nígbà náà, a ò sì lè sọ gbogbo rẹ̀ létí ọmọdé. O máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: má ṣe ti orí oyè bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé Bàbá lọ sí Bọ́mà. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé fún ọdún pípẹ́, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàrá tó wọ ilé wa ní Mushin ló gbé ìwé ìdásílẹ̀ wọn lọ. Lọ́dọọdún tí àwọn sójà àtijọ́ bá fẹ́ yan fún ìrántí àwọn tó kú sógun, Bàbá á lọ káàkí wọn, wọ́n á pa bàtà wọn títí yóò fi máa dán, wọ́n á lọ tò sórí ìlà. Olórí àwọn sójà náà á ní, “Bàbá, ìwé yín dà?” Ìwé ò sí. Á ní kí Bàbá lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran. Báyìí ni Bàbá ṣe ń fi káàkí jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ń lá áìsìkirímù. Nígbà tó yá, àwọn kan ní àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Kùmásí ni Bàbá wà nígbà ogun, pé aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bàbá tí kì í jẹun alẹ́ tán kí wọ́n má fi ìtàn ogun kún un, wọ́n wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju ẹ̀gàn àwọn ará àdúgbò lọ. Mo búra pé màá rí ìwé yẹn kí Bàbá tó kú.

Mo wọ agbádá mi, mo lọ sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá níbi tí wọ́n kó àwọn fáìlì náà sí. Mo ti ní kí akọ̀wé kan bá mi tẹ orúkọ Bàbá sórí bébà dáadáa: Alhájì Olóyè Bùráímọ̀ Àkànní. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì tó nípọn, gba bébà náà, ó wọ inú lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo ìlà Alhájì, mo ti wo ìlà Olóyè. Kò sí Alhájì kankan tó bá wọn lọ sógun níbí o.”

Mo bínú. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tí mo jẹ́ ni. Ó ní òun ò mọ̀, pé òun ò tíì mọ ẹni tí bàbá mi pàápàá jẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ agbádá ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Nílé ni mo ti ro ó. Nígbà tí Bàbá lọ sógun, wọn ò tíì rí Mẹ́kà, wọn ò tíì jẹ oyè. Ọmọkùnrin kan tó ní ṣòkòtò kan ni wọ́n. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé orúkọ tó gùn wá bá ọ, bọ́ oyè lára orúkọ náà bí mo ṣe ń bọ́ awọ lára àga, títí wàá fi kan igi.

Ìkejì: wo ìlú, àmọ́ má ṣe jẹ́ kí ìlú tàn ọ́ jẹ.

Mo padà lọ láìwọ agbádá. Akọ̀wé onígíláàsì wá là mí lọ́yẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wọ iṣẹ́ sójà nígbà yẹn ò ní orúkọ ìdílé. Orúkọ ìlú wọn ni wọ́n kọ mọ́ wọn lẹ́yìn. Ó kó wọn síwájú mi: Bùráímọ̀ Ọ̀yọ́, Bùráímọ̀ Ìlọrin, Bùráímọ̀ Ẹdẹ, Bùráímọ̀ Ìbàdàn. Kò sí Bùráímọ̀ Mushin, kò sí Bùráímọ̀ Èkó. Ojú ń kán mi. Mo wá rí i pé ọjọ́ orí Bùráímọ̀ Ìbàdàn bá ti Bàbá mu, ọdún tó lọ bá a mu, gíga rẹ̀ bá a mu. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ kún un ni pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé dànù sógun.

Mo sáré délé. Bàbá ń jẹ ẹ̀kọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín.”

“Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ ka ìka ẹsẹ̀ yín ni.”

Bàbá wò mí títí. Wọ́n bọ́ bàtà. Gbogbo ìka pé pérépéré, wọ́n tún ń jó fún mi. Kí n má parọ́ fún ọ, ó dùn mí pé wọ́n pé. Bàbá ní, “Ràṣákì, ẹsẹ̀ ta lò ń wá?” Wọ́n sì ń bá ẹ̀kọ wọn lọ. Ọmọ mi, ẹni tó bá ń wá nǹkan lójú méjèèjì, tí agara ti dá a, ó lè gé ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ìwé lè bá a mu. Tí o bá rí irú wọn ní ọ́fíìsì rẹ, fún wọn lómi mu, kí o sì rọra gba fáìlì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta: má ṣe bá àgbà tún èdè òyìnbó wọn ṣe.

Ìwọ náà mọ “Ínáfẹ̀!” Ta ni wọ́n tọ́ nílé wa tí kò mọ̀ ọ́n? Tí oúnjẹ bá ti jinná, tí òjò bá ń bọ̀ tí aṣọ wà níta, Bàbá á pariwo “Ínáfẹ̀!” gbogbo ọmọ á sì sáré wá. Bàbá ní òyìnbó ni, pé ó túmọ̀ sí “wá kíákíá”. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn tó jẹ́ òyìnbó ló máa ń fi pe àwọn lójú ogun.

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo mọ̀ jù wọ́n lọ. Mo ní, “Bàbá, ‘ínọ̀ọ́fù’ ni òyìnbó náà ń sọ. Ó túmọ̀ sí pé ó ti tó.” Bàbá ní báwo ni ọ̀gá á ṣe máa sọ pé ó ti tó, tí inú rẹ̀ á sì máa dùn bí òun bá sáré dé? Mo ní òyìnbó le, wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń tún un ṣe fún wọn, Bàbá ò sì gbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú àpò, a máa yọ ọ́ láìpẹ́.

Ẹ̀kẹrin ló kàn, tàbí ẹ̀karùn-ún. Ìyá rẹ ti pè mí jẹun, ó ti dà mí rú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni: mú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà dání.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láyé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá wọ iṣẹ́ sójà. Ìyá Àgbà ni. O rántí pé ẹ̀gbọ́n Bàbá ni ọkọ wọn, àti pé Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lẹ́nu láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tuntun ni wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Bàbá ló ní kí wọ́n sin Bàbá lọ, kí wọ́n lè padà wá sọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ òun gbà. Ó pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti ń sọ fún mi pé, “Ọkọ mi kékeré, mú mi dání.” Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn Yábàá ni. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Mo wá mú Bàbá àti Ìyá Àgbà lọ. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń dití díẹ̀ nígbà yẹn, oorun sì gbé wọn lọ. Akọ̀wé onígíláàsì kí Ìyá Àgbà, ó ní, “Màmá, kí lorúkọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá?”

“Ọkọ mi ni.”

“Mo gbọ́, mà. Orúkọ ọkọ yín ńkọ́?”

“Àwọn ló jókòó síbẹ̀ yẹn.”

“Ṣé bàbá yìí lọkọ yín?”

“Ọkọ mi ni wọ́n. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n.”

Akọ̀wé bọ́ gíláàsì rẹ̀. “Màmá, èwo nínú ẹ̀?”

“Méjèèjì,” ni Ìyá Àgbà wí, bí ẹni pé ọmọ kékeré ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

“Ó dáa. Ẹ ṣáà pe orúkọ wọn fún mi, kí n kọ ọ́.”

“Èmi? Kí n pe orúkọ ọkọ mi mọ́ wọn lórí? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bí mo ṣe sọ fún akọ̀wé ìjọ́sí náà nìyẹn.”

Mo ní, “Ìyá Àgbà, akọ̀wé wo?”

Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n ní Bàbá ti wọlé lọ sọ́dọ̀ dókítà pé kó wo ara wọn. Akọ̀wé sójà jókòó síta, ó ń kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ilé. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ẹnì kan ló ń túmọ̀ fún un. Ó bi Ìyá Àgbà pé kí lorúkọ ẹni tí wọ́n sin wá. Ìyá Àgbà ní àwọn ò gbọdọ̀ pè é. Akọ̀wé náà jágbe mọ́ wọn. Ìyàwó tuntun, ẹ̀rù bà wọ́n, ni wọ́n bá sọ orúkọ tí àwọn fúnra wọn fi ń pe Bàbá nílé.

“Orúkọ wo?” Èmi àti akọ̀wé onígíláàsì la jọ béèrè.

“Eyínafẹ́.”

Àwọn ìyàwó ilé ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí eyín wọn funfun, ó sì tò rẹ́gí. Mo wo Bàbá níbi tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n yanu sílẹ̀. Kò sí eyín kan níbẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé wọ inú lọ. A gbọ́ tó ń fa dúrọ́à. Ó ní kò sí nínú ìlà E. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ ọ́, báwo ló ṣe máa kọ ọ́? Ó tún fa dúrọ́à mìíràn. Lójijì, ó pariwo láti ẹ̀yìn àwọn fáìlì pé, “Ínáfẹ̀ kan wà níbí o! Ínáfẹ̀!”

Mojí, Bàbá fò dìde láti ojú oorun. Wọ́n sáré kọjá lára mi, wọ́n gbá àga kan ṣubú, wọ́n dúró gbọingbọin níwájú tábìlì, wọ́n gbé ọwọ́ sórí, wọ́n ní, “Sà!”

Akọ̀wé jáde pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ekuru bo gíláàsì rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ sáré fún?”

“Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní kí n wá.”

“Bàbá, lójú ogun, ta ni òyìnbó yẹn ń pè ní Ínáfẹ̀?”

“Kò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni. Èkó ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí òyìnbó bá ti sọ ‘Ínáfẹ̀’, èmi ni mo máa ń lọ.”

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Àwọn yòókù ò yára.”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rín in, àmọ́ nígbà tí akọ̀wé ṣí fáìlì, ẹkún ló gbé mi. Dókítà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé eyín rẹ̀ dára púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ló tò tẹ̀lé ara wọn, tí ìjọba fi ń pe Ínáfẹ̀ ti Mushin pé kó wá gba mẹ́dà rẹ̀, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ogun, kó wá nítorí pẹ́ńṣàn. Gbogbo wọn ló padà pẹ̀lú àkọlé pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Mushin. Wọ́n pe bàbá mi títí, kò sẹ́ni tó jẹ́ wọn. Nílé wa ńkọ́? Orúkọ yẹn gan-an la fi ń pe ọmọ wá jẹun.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ létí ọmọdé wà. Ìmọ̀ràn tó kù: ohun tí ìwé bá sọ, kọ́kọ́ mú un délé kí àwọn ará ilé tú u fún ọ.

Akọ̀wé kà á fún wa pé, “Ìyàwó: Àbẹ̀kẹ́.” Akọ̀wé ìjọ́sí ti gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ “ọkọ mi, ọkọ mi”, ó sì kọ wọ́n bí ìyàwó Bàbá. Ó yẹ kí n pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti kún inú mi, mo délé, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè níwájú ìyá mi.

Ìyá mi gbé àwo tí wọ́n ń fọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá Ràṣákì, ẹ ṣeun. Ìyáálé ilé ni mo mọ Ìyá Àgbà sí. Mi ò mọ̀ pé ìyáálé yàrá ni wọ́n.”

Bàbá ní, “Ìjọba ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

“Ìjọba kì í purọ́!” Ìyá mi bá tún ìró wọn ró, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn gbé àpótí. Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní, “Ìyàwó, jókòó. Ràṣákì tó dúró yìí, ṣé mi ò kì í pè é lọ́kọ mi ni? Kí wọ́n kọ òun náà sí fáìlì! Èyí àgbà yẹn, máa mú un lọ. Eyín ni mo rí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀, eyín ọ̀hún ò sì sí mọ́.”

Ìyá mi fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ni ò jẹ́. Àpótí náà ò kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi kú, tí wọ́n bá ti jà pẹ̀lú Bàbá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Ẹ lọ bá ìyàwó yín tó wà ní fáìlì.”

Ìwọ náà rántí ọdún tí Bàbá yan. O dúró lórí àpótí kẹrẹsìnnì kan kí o lè rí wọn. Mẹ́dà wà láyà wọn, wọ́n sì ń fi erìgì rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Kùmásí mọ́. Ìtàn alẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì fara dà á tayọ̀tayọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká padà sórí màmá tìrẹ. Àwọn kan ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì yín, mo mọ̀, nítorí kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí géètì rẹ̀ kì í kọ nǹkan. Béèrè àdúgbò tí wọ́n ti wá, kí o lọ bá wọn nílé. Abèèrè kì í ṣìnà. Tí o bá débẹ̀, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ojú má tì mí. Má ṣe sọ pé, “Màmá, kí lorúkọ ọkọ yín?” O ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, o ti rí ohun tó bí. Sọ pé, “Màmá, kí lẹ máa ń pè wọ́n?” Kí o wá rí bí ojú wọn á ṣe tàn. Ì báà jẹ́ Àdúmáadán, ì báà jẹ́ Agúntáṣọọ́lò, ì báà jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Pe orúkọ náà bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe máa pè é, pè é láìdáa lóríṣiríṣi, kí o máa fa dúrọ́à lọ.

Bóyá ọkọ wọn ni lóòótọ́, bóyá àbúrò ọkọ ni. Ìyẹn ò kan ọ́. Ẹnì kan wà nínú àwọn dúrọ́à yẹn tí wọ́n ti ń pè tipẹ́, tí kò tíì gbọ́, màmá yẹn nìkan ló sì mọ ohun tó ń jẹ́. Nítorí náà, bí o bá ti ka ibí yìí dé òpin, má ṣe jókòó kọ èsì sí mi. Gbé ìborùn rẹ, kí o máa lọ.

Ínáfẹ̀, Mojí! Ínáfẹ̀!

Bàbá rẹ,
Ràṣákì, ọmọ Eyínafẹ́.